ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Kànga Tí Kò Ní Ìdérí

Kíkà: Deutarónómì 22:8

Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ja bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lọ́rùn onílé. Ẹ wò ó dáadáa: onílé yẹn ò ti ẹnikẹ́ni o! Odi ni kò mọ.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa ló wá sí mi lọ́kàn. Kànga ẹ̀yìn kíláàsì ò ní ìdérí. Ibi tí a ti ń sun ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ò jìnnà sí fèrèsé àwọn ọmọ kékeré. Ọmọdé sì máa ń mí kíákíá ju àgbà lọ, èéfín yẹn ń wọ̀ wọ́n lára. Láti 2015 ni Póòpù Francis ti kọ Laudato Si' lórí ìtọ́jú ayé, ilé gbogbo wa. Èmi náà ti fi wàásù rí (ojú tì mí láti sọ ọ́), tí mo sì gba ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn lọ sílé.

Ẹni tó bá ní pákó nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá lẹ́yìn Mísà Sunday. Káfíńtà ò wọ́n láàárín wa. Ọ̀rá yẹn ńkọ́? Inú àpò ni ká máa kó o sí, ká yéé sun ún.

Olúwa, là wá lójú kó tó pẹ́ jù. Àmín.