Ẹyẹ ni àbí etíkun? Ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó yàn

Ìsinmi ti dé, ẹ ti dáwó jọ. Àwọn kan ní Lekki Conservation Centre làwọn ti fẹ́ lọ wo ẹyẹ. Àwọn yòókù ní Tarkwa Bay làwọn fẹ́. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Ẹyẹ kì í dúró de ẹni tó ń sùn. Àárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọrin tí wọ́n sì ń wá oúnjẹ. Tí oòrùn bá ti mú, wọ́n á sá sínú ewé. Ariwo náà ń lé wọn. Torí náà, ẹ débẹ̀ kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ má sì pọ̀ jù.

Òkun náà ní aago tiẹ̀. Òṣùpá ń fa omi, ó ń kún, ó sì ń fà sẹ́yìn nígbà méjì lójúmọ́. Lójoojúmọ́, àsìkò yẹn ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú. Èrò púpọ̀ kò da etíkun láàmú, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Tí ìṣàn omi bá ń gbé yín lọ sí agbami, ẹ má bá a jà: ẹ lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó forí lé èbúté.

Ṣé ẹ lè jí, kẹ́ ẹ sì dákẹ́? Ẹ lọ wo ẹyẹ. Àbí ijó àti ẹ̀rín lẹ fẹ́? Etíkun ni tiyín.