Bí A Ṣe Ń Da Àkọsílẹ̀ Ọmọ Ẹgbẹ́ Kọ Láti Fáìlì Kan Sí Òmíràn

Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé, bí a bá fẹ́ da àkọsílẹ̀ ẹ̀ka ọjà pọ̀ mọ́ ti olú ọ́fíìsì, ṣé a ó máa tún orúkọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ ni? Rárá o. Kọ̀ǹpútà ní àṣẹ kan tó ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín owó àti gbèsè. Nítorí pé owó yín ló wà níbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

SQLite ni a ó fi ṣàlàyé. Ọ̀fẹ́ ni, Richard Hipp ló ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 2000. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ dàbí léjà: ìlà kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kan, òpó kan fún nọ́ńbà, òpó kan fún orúkọ, òmíràn fún owó ìfipamọ́, òmíràn fún gbèsè. Ẹ ṣí fáìlì olú ọ́fíìsì, kí ẹ so ti ọjà mọ́ ọn:

ATTACH 'oja.db' AS oja;

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ àdàkọ. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, nítorí pé ó kúrú, nìyí:

INSERT INTO omo SELECT * FROM oja.omo;

(A kì í fi àmì ohùn sí orúkọ inú àṣẹ, kí wàhálà lè dín kù.)

Ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé kó gbogbo òpó wá. Àwa kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà kì í wo orúkọ òpó níbí, ipò ni ó ń wò: òpó kẹta ọ̀hún á bọ́ sí òpó kẹta ibí. Ká ní olú ọ́fíìsì kọ owó ìfipamọ́ síwájú, tí ẹ̀ka ọjà sì kọ gbèsè síwájú. Ìyá aláṣọ tó ti fi ₦80,000 pamọ́, tí gbèsè rẹ̀ kò ju ₦5,000 lọ, á di ẹni tó jẹ ₦80,000! Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Bí iye òpó kò bá dọ́gba nìkan ni yóò kọ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, iye ni iye lójú tirẹ̀. Ó lè di ọjọ́ tí ìyá bá wá yá owó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn tó ti lo dBASE rí ni kò ní tètè fura, torí pé APPEND FROM ti dBASE, orúkọ òpó ló ń wò. Ẹ dárúkọ òpó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan:

INSERT INTO omo (nomba, oruko, ipamo, gbese)
SELECT nomba, oruko, ipamo, gbese FROM oja.omo;

Nọ́ńbà ńkọ́? Ẹ̀ka méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ láti 1. Bí a bá ti fi PRIMARY KEY sí òpó nọ́ńbà, SQLite á kọ̀ jálẹ̀, ìlà kan kò ní wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. INSERT OR IGNORE á fo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti wà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. INSERT OR REPLACE tún burú jù ú lọ: á pa ẹni àkọ́kọ́ rẹ́ kí ó tó fi àlejò sí ipò rẹ̀. Bí nọ́ńbà olú ọ́fíìsì kò bá tíì dé 5000, ẹ kọ nomba + 5000 lẹ́yìn SELECT. Ẹni kẹrìnlá ti ọjà á di 5014, a ó sì tún káàdì rẹ̀ kọ.

Kí ẹ tó tẹ àṣẹ àdàkọ, ẹ kọ́kọ́ tẹ BEGIN. Kí ẹ sì ka fáìlì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

SELECT COUNT(*), SUM(ipamo), SUM(gbese) FROM main.omo;
SELECT COUNT(*), SUM(ipamo), SUM(gbese) FROM oja.omo;

Lẹ́yìn àdàkọ, ẹ tún ka main.omo. Bí olú ọ́fíìsì bá ní 212, tí ọjà ní 87, kò gbọ́dọ̀ ju 299 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ dín. Ẹ ro owó ìfipamọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ ro gbèsè lọ́tọ̀. Bí òpó bá gbapò ara wọn, ibẹ̀ ni yóò ti hàn. Bí ó bá pé, ẹ tẹ COMMIT. Bí kò bá pé, ROLLBACK. Á dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Fáìlì ọjà àtijọ́ kò ní di píparẹ́. Bí a bá parí, kí ọmọ ẹgbẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan mú káàdì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, kí a jọ fi wé ìlà tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.