Páì Ápù àti Sínámọ́nì Lórí Ẹ̀rọ Wọ́fù



Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú Ramadan tó kọjá, àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ àsàláátù ní kí n wá sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní ìpápánu tí wọn yóò máa ṣe fún ìṣínu. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọwọ́ fífọ̀ ni, bí a ti máa ń ṣe. Ìgbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ wọ́fù kan ló wà lórí tábìlì, èyí tí ọmọ ọ̀kan nínú wọn fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, òórùn sínámọ́nì sì ti gba gbogbo ẹ̀yìn mọ́sálásí. Páì ápù ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò dín in, wọn kò sì gbé e sínú ààrò. Mo jẹ méjì. Kí n má purọ́ nínú ìwé ẹ̀sìn, mẹ́ta ni mo jẹ.

Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni Alhaja kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Dókítà, ṣé òótọ́ ni pé sínámọ́nì yìí ń lé àtọ̀gbẹ lọ? Wọ́n ní tí mo bá ń po ṣíbí méjì mọ́ omi gbígbóná láràárọ̀, n ò nílò oògùn mọ́." Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ti fi oògùn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo yọ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nínú báàgì mi, mo fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ìka wọn. 318 ni ẹ̀rọ náà kọ. Àárín 80 sí 130 ni a máa ń fẹ́ kí ẹni tó ń gba ìtọ́jú àtọ̀gbẹ wà kó tó jẹun. Lóòótọ́, Alhaja ti jẹ páì kan, ṣùgbọ́n páì kan ṣoṣo kọ́ ló gbé e dé 318.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ̀ǹda ojú ewé wa ti oṣù yìí fún páì. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣe é ná, nítorí pé ìpápánu tó dára ni, lẹ́yìn náà ni a óò wá sọ̀rọ̀ nípa sínámọ́nì fúnra rẹ̀.

Ẹ wá fúláwà kọ́ọ̀pù méjì, ìyẹn nǹkan bí 250 gíráàmù. Bọ́tà tútù 125 gíráàmù. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré tí à ń fi po tíì. Àti omi tútù ṣíbí ìjẹun márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ fi ìka fọ́ bọ́tà mọ́ fúláwà títí yóò fi rí bí gààrí, kí ẹ tó máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbo ó bí ẹni ń gbo búrẹ́dì. Bí ẹ bá ṣe gbo ó tó ni páì yóò ṣe le tó. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi tútù.

Ápù ńlá méjì ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ wá fọ ápù lábẹ́ omi tó ń ṣàn, kódà bí ẹ bá fẹ́ bẹ ẹ́, nítorí pé ọ̀bẹ ni yóò gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Ẹ̀yin náà mọ àkísà tí àwọn tó ń tà á lójú títì fi ń nù ún kó lè máa dán. Ọṣẹ ìfọṣọ kò sí fún èso o. Omi nìkan ni. Ẹ bẹ ẹ́, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Ẹ gbé e ka iná díẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì, sínámọ́nì ìdajì ṣíbí kékeré, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ẹ má da omi kankan sí i. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méje, yóò ti rọ̀, omi ara rẹ̀ yóò sì ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Bí ohun inú páì bá ṣì lómi, oru rẹ̀ yóò bẹ́ fúláwà, omi dídùn náà yóò ṣàn sáàárín eyín ẹ̀rọ, yóò jóná, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú ọ̀bẹ láti fi ha á, ìbòrí dúdú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ẹ tẹ́ fúláwà náà kó fẹ́lẹ́. Ìgò tó mọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí bí kò bá sí igi tí wọ́n ń tà fún un. Ẹ fi ẹnu ife tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá gé e ní roboto, yóò fún yín ní mẹ́rìndínlógún. Ẹ bu ápù ṣíbí ìjẹun kan sáàárín ọ̀kan, ẹ fi omi ra etí rẹ̀, ẹ fi òmíràn bò ó, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì tẹ etí náà yíká. Páì mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná dáadáa, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ gbé páì sí i, kí ẹ dé e láì fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje ni. Ẹ má ṣe ṣí i wò kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, yóò ya sí méjì lójú yín. Nígbà tó bá pọ́n, tí oru rẹ̀ sì ti dínkù, ó ti jinná. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó fún ọmọdé, torí pé ápù inú rẹ̀ máa ń gbóná ju ara rẹ̀ lọ, ó sì lè bó ọmọ lẹ́nu. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ wọ́fù lè lo ẹ̀rọ tósítà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì oníyẹ̀ẹ́rí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Bí a bá pín ṣúgà tí a lò sí ọ̀nà mẹ́jọ, páì kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí gíráàmù mẹ́ta, kò tó ṣíbí kékeré kan. Kò sì sí òróró tí a ti fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹrin nínú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má jẹ pọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù mọ́, àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ náà.

Nípa hàláàlì, ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Fúláwà páì tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, lè ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú; ẹ ka ara páálí rẹ̀. Èkejì ni fanílà olómi: ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé ojúlówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọtí tó tó 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Páì yìí kò nílò fanílà rárá. Ẹ fi í sílẹ̀, sínámọ́nì ti tó.

Sínámọ́nì wá dà? Èèpo igi ni, oríṣi méjì ló sì gbajúmọ̀ lọ́jà. Kásíà ni èyí tó pọ̀ jù: èèpo rẹ̀ nípọn, ó le, ẹyọ kan ló ká wọnú ara rẹ̀. Èkejì ni ti Sri Lanka, tí wọ́n ń pè ní Ceylon: ó fẹ́lẹ́, ó sì ní ọ̀pọ̀ ìpele bí ẹní tí a ká, ọwọ́ lásán lè rún un. Nígbà tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, ojú kò lè dá wọn mọ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ni pé kásíà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní coumarin, èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ bí ó bá pọ̀ lára wọn lójoojúmọ́. Ti Ceylon kò ní in ju bín-ín-tín lọ.

Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù fi ààlà sí 0.1 mílígíráàmù coumarin fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Kásíà lílọ̀ gíráàmù kan sábà máa ń ní nǹkan bíi mílígíráàmù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 15, ààlà tirẹ̀ ni mílígíráàmù kan àti ààbọ̀, ìyẹn ìdajì gíráàmù kásíà. Ìdajì ṣíbí kékeré tí a lò kò ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Bí a bá pín in sí mẹ́jọ, ọmọ náà lè jẹ páì mẹ́ta láì kọjá ààlà. Àmọ́ ṣíbí méjì tí Alhaja ń pò láràárọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, coumarin inú rẹ̀ yóò tó mílígíráàmù 15. Ẹni tó bá wọn kílò 70, méje ni ààlà tirẹ̀. Ìlọ́po méjì ààlà nìyẹn, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀, tàbí tó ń lo oògùn tó máa ń ni ẹ̀dọ̀ lára bíi ti ikọ́ ife, kò gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn òbí lórí ápù àti sínámọ́nì lílọ̀ kan tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá fún àwọn ọmọdé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WanaBana. Òjé wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé Ecuador níbi tí wọ́n ti ṣe é, sínámọ́nì ló gbé òjé náà wọlé: ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ní òjé 5,110 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí ààlà tí àjọ Codex ń gbèrò nígbà náà fún irú èròjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 2.5. Àwọn ọmọ tí wọ́n ròyìn pé ó kàn ju 400 lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, FDA tún kìlọ̀ lórí àwọn sínámọ́nì lílọ̀ mìíràn.

Òjé kò ní òórùn, ẹnu kò sì lè tọ́ ọ wò. Kò sí ìwọ̀n kankan tó dára fún ọmọdé. Ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́, ìwé tí ọmọ ń kà àti ìwà rẹ̀ ni yóò sì ti hàn. A kò gbàgbé ohun tó ṣe àwọn ọmọ Zamfara ní ọdún 2010. Kódà, ní Boston ní ọdún 2011, ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní òjé púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé sójú rẹ̀. Ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà tó jẹ́ òjé. Ọ̀rọ̀ tìróò yẹ ní ojú ewé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e sójú ọmọ ìkókó.

Nítorí náà, igi sínámọ́nì ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ọ̀rá tí kò lórúkọ. Ó ṣòro láti po àwọ̀ mọ́ igi ju ìyẹ̀fun lọ. Ẹ nù ún, ẹ sá a, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìlọta ilé yín lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata àti ẹ̀gẹ́. Bí ó bá di dandan kí ẹ ra lílọ̀, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò fẹ́ fi oyin rọ́pò ṣúgà. Kò burú fún àgbàlagbà, ìwòsàn sì wà nínú oyin gẹ́gẹ́ bí Suuratu Nahl ti sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, yálà tútù tàbí èyí tí a sè. Irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí iná páì kò lè pa, tó sì lè mú kí ara ìkókó rọ títí kan iṣan tó fi ń mí. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, oyin àti ṣúgà, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n bá kó wá láti Amẹ́ríkà, iná 120 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kì í bọ iná tiwa láì lo ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, ó lè jó. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní wàhálà yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Bí ẹ bá parí, ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi aṣọ tó tutù àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yọ èérún àárín eyín rẹ̀, kí ẹ sì gbẹ ẹ́. Ẹ má tì í bọ omi. Èérún tó bá kù síbẹ̀ ni aáyán àti eku ń wá ní òru. Tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n ti fi sè tẹ́lẹ̀, ẹ bi Alfa yín léèrè bí a ṣe ń wẹ nájísì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ìbòrí rẹ̀ wò. Bí ó bá ti ń ṣí, ẹ má rà á.

Alhaja lọ rí dókítà wọn lọ́jọ́ kejì. Dókítà dá wọn padà sórí metformin, ó sì ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe máa lò ó ní ìṣínu àti sààrì kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ló yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí oṣù tó lé. Ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, 142 ni. Wọ́n ṣì ń mu omi sínámọ́nì wọn, ṣùgbọ́n igi Ceylon kékeré kan ni wọ́n ń rẹ sínú ife, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé oògùn mì.