Àpótí Ìmọ̀: Lithium-8, Ayẹnúwò Ohun Líle

Ní ibùdó ìwádìí TRIUMF ní Vancouver, Kánádà, átọ̀mù tí kì í pẹ́ túká ni wọ́n fi ń yẹ inú irin wò. Lithium-8 lorúkọ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 0.84, ìdajì rẹ̀ ti túká.

Ìmọ́lẹ̀ lésà ló ń mú kí ìyípo àwọn átọ̀mù náà kọjú síbì kan kí wọ́n tó ta wọ́n wọnú irin. Bí wọ́n ṣe ń túká, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fò jáde, èyí tó pọ̀ jù sì ń gba òdìkejì ibi tí ìyípo kọjú sí. Kíka wọn ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú irin hàn.

Ọgbọ́n MRI ilé ìwòsàn, tó jọ èyí, nílò átọ̀mù lọ́pọ̀ yanturu; mílíọ̀nù díẹ̀ tó fún ọgbọ́n lithium-8. Nítorí náà, ó ń yẹ awẹ́ tín-ín-rín tí kò ju nanomítà díẹ̀ lọ wò.