Ẹ SO KẸ̀KẸ́ YÍN MỌ́LẸ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìgbáralé Ọlọ́hun àti Ìṣọ́ Ohun-Ìní

 

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣe fún wa lọ́dún yìí lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tó bá gbọ́ ọ: bí a ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ kí olè má baà gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á dé ìparí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ń bẹ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọnìkejì náà sì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí kéwú láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn bàbá kan ń gùn ún lọ sí oko àti ọjà. Bí kẹ̀kẹ́ bá sọnù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ á máa fi ẹsẹ̀ rìn, á máa pẹ́ dé, nígbà mìíràn á tilẹ̀ dá kéwú dúró.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ní ọdún 2008, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ kéwú, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Òun ni mo ń gùn lọ sí ilé-kéwú láàárọ̀, òun náà ni mo ń gùn lọ kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kéwú lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo gùn ún lọ kírun Ìsháì ní mọ́sálásí kan tó jìnnà díẹ̀ sí ilé mi. Mo mú ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo fi so ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ mọ́ irin fèrèsé, mo sì fi àgádágodo kékeré tì í. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ilé Ọlọ́hun nìyí, ta ni yóò jalè níbí? Nígbà tí a sálámà tán tí mo jáde, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ nìkan ni mo bá lára irin fèrèsé. Ṣéènì kò já, àgádágodo kò bàjẹ́. Olè ti fi sípánà tú nọ́ọ̀tì méjì, ó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi, ó gbé ìyókù lọ.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn kan sọ pé àwọn rí ọmọ kéwú mi kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, nítòsí kẹ̀kẹ́ náà kí a tó kírun. Mo gbà wọ́n gbọ́. N kò wádìí. Mo ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀, mo sì bi ọmọ náà léèrè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sunkún, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, kò wá sí kéwú mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá tó máa ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe ránṣẹ́ sí mi. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló gbé kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀ iwájú wá, pé kí ó bá òun wá ẹsẹ̀ mìíràn sí i. Ọ̀gá náà rí ojú irin tí wọ́n jó lábẹ́ ìjókòó, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà nígbà kan, ó sì dá kẹ̀kẹ́ náà mọ̀. Bó ṣe ní kí ọkùnrin náà dúró díẹ̀ báyìí, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Kẹ̀kẹ́ padà sọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ti bàjẹ́. Èmi àti lèmọ́mù pẹ̀lú àgbà méjì la lọ bẹ ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò mí, ó ní, "Àfáà, ká ní ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín dáadáa ni, ẹ kì bá tí fura sí ọmọ mi." N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà padà sí kéwú, mo sì tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn tí mo ti dójú tì í. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Alukùránì, nínú Súúrà Al-Hujurat, pé kí a máa ro èrò burúkú sí ara wa. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ náà kí n tó wá rú u fúnra mi.

ÌGBÁRALÉ ỌLỌ́HUN KÌ Í ṢE ÀÌBÌKÍTÀ

Nínú hàdíìsì tí Tirmísì gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ánásì ọmọ Málíkì, ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a) léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé E. Ànábì pa á láṣẹ pé kí ó kọ́kọ́ so ó, lẹ́yìn náà kí ó gbára lé Ọlọ́hun. Kẹ̀kẹ́ ni ràkúnmí tiwa. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láìtì, tó ní Ọlọ́hun ń ṣọ́ ọ, kò tí ì ṣe ìdajì tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé olè kì í dé mọ́sálásí. Sàábé kan tó ń jẹ́ Safwánù ọmọ Umayyà sùn ní mọ́sálásí, ó fi aṣọ rẹ̀ rọrí, olè sì fà á yọ lábẹ́ orí rẹ̀. Bí olè bá lè mú aṣọ lábẹ́ orí sàábé, nígbà tí Ànábì fúnra rẹ̀ wà láyé, kí ni kò ní í mú lẹ́yìn ògiri mọ́sálásí wa?

Àwọn onímọ̀ fíqìhì pẹ̀lú, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ olè jíjà, wọ́n máa ń béèrè ibi tí olóhun fi ohun rẹ̀ sí. Ibi ìpamọ́ tó yẹ ohun kan ni wọ́n ń pè ní hirz. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: àpótí ni ti owó, agbo ni ti àgùntàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: ẹni tó mú kẹ̀kẹ́ tí a kò tì, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá, ohun olóhun ló mú. Ṣùgbọ́n olóhun náà ní ojúṣe tirẹ̀.

ONÍRÚURÚ OLÈ KẸ̀KẸ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni olè kẹ̀kẹ́ pín sí. Èkíní ni ẹni tí kò mú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́: bó bá rí kẹ̀kẹ́ tí a kò tì, á gùn ún lọ. Ìṣẹ́jú kan tí a fi wọlé lọ ra búrẹ́dì tó fún un. Èkejì ni ẹni tó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́, bí ẹ̀mú ìgérin, òòlù tàbí ayùn irin. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń jí ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́: ẹsẹ̀, ìjókòó, iná tàbí páǹpù. Títì tó dára yóò lé èkíní lọ pátápátá, yóò fi èkejì falẹ̀, yóò sì dín ohun tí ẹ̀kẹta lè rí mú kù.

OHUN TÍ A FI Ń TI KẸ̀KẸ́

Kò sí àgádágodo tí a kò lè gé. Lóde òní ẹ̀rọ ìgérin tó ń lo bátìrì wà, ó sì ń gé irin tó le gan-an. Iṣẹ́ àgádágodo ni láti jẹ́ kí ó pẹ́ olè, kí ó sì jẹ́ kó pariwo, nítorí olè kò fẹ́ méjèèjì.

(1) Wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò: ó fúyẹ́, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀mú kékeré á gé e kíákíá. Kí a máa lò ó láti fi ran èyí tó lágbára lọ́wọ́ nìkan.

(2) Ṣéènì àti àgádágodo: ó dára bí irin rẹ̀ bá nípọn tó sì le. Àwọn méjèèjì ni kí ó nípọn o. Ẹni tó fi àgádágodo àpótí ti ṣéènì ńlá, ibi àgádágodo ni olè yóò gbà.

(3) Irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tí irin mìíràn dábùú ẹnu rẹ̀: ó le ju wáyà lọ fíìfíì. Kí àyè inú rẹ̀ má ṣófo púpọ̀, kí olè má baà rí ibi ti irin bọ̀ láti fi ya á.

(4) Kọ́kọ́rọ́ tó wà lára kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, tí irin rẹ̀ ń gba àárín sípóòkù kọjá: ó wà lára púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí, ṣùgbọ́n olè lè gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká. Ó dára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò tó fún ìrun Jímọ̀.

Kí a má sì jẹ́ kí orúkọ ńlá tàn wá jẹ. Ní ọdún 2004, ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn rí i pé ike bírò lásán lè ṣí irú àgádágodo U kan tí ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí róbótó. Owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà á. Ilé-iṣẹ́ Kryptonite tó ṣe é ní láti pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà láìgba owó. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sá fún irú ojú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀.

BÍ A ṢE Ń TÌ Í

Èkíní: Ohun tí kò lè kúrò nílẹ̀ ni kí a so kẹ̀kẹ́ mọ́. Kí a mi òpó náà wò kí a tó so ó. Òpó kúkúrú kò dára, olè á gbé kẹ̀kẹ́ gba orí rẹ̀ yọ. Igi tí kò tí ì gbó àti ọgbà onípákó kò dára, wọ́n ṣeé gé.

Èkejì: Férémù, tí í ṣe egungun kẹ̀kẹ́, ni kí a so pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó so ẹsẹ̀ iwájú nìkan, ó rántí ìtàn mi. Bí ó bá jẹ́ àgádágodo kan la ní, kí ó gba inú férémù àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ òpó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló wọ́n jù, òun sì ni ṣéènì ń yí. Bí ìkejì bá wà, kí a fi so ẹsẹ̀ iwájú.

Ẹ̀kẹta: Kí àgádágodo má fara kan ilẹ̀. Bó bá wà nílẹ̀, olè á fi òòlù gbá a mọ́lẹ̀, tàbí kí ó fi ilẹ̀ ti ọwọ́ ẹ̀mú rẹ̀ kí ó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kí ojú kọ́kọ́rọ́ kọjú sí ìsàlẹ̀ kí òjò má baà wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹrin: Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá ni kí a gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé tó dá. Kí a yọ iná àti páǹpù dání.

Ẹ̀karùn-ún: Kí a tì í nínú ilé pẹ̀lú. Olè máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá nígbà tí onílé bá sùn.

Ẹ̀kẹfà: Kí a dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí a wo abẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Níbẹ̀ ni nọ́ńbà máa ń wà jù. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a ya àwòrán kẹ̀kẹ́, kí a tọ́jú rìsíìtì. Kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ sórí pépà, kí ó ká a sínú ọ̀pá tó wà lábẹ́ ìjókòó. Olè lè fi ọ̀dà kun kẹ̀kẹ́, bóyá kò ní í rántí ibẹ̀ wò.

BÍ Ó BÁ SỌNÙ

Kí a mú nọ́ńbà yẹn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí a sọ fún lèmọ́mù kí ó kéde rẹ̀. Kí a sọ fún àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe àti àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ̀kẹ́ olè máa ń gbà kọjá. Bí a bá mú ẹni tí a fura sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe nà án, kí a má sì dáná sun ún. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni ìdájọ́ wà. Nígbà tí Safwánù mú olè aṣọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ànábì ló mú un lọ, kò pa á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi rìsíìtì hàn, ẹ gbọ́ o. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń rà á, ta ni olè yóò tà á fún?

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbáralé Ọlọ́hun àti àìbìkítà?
2. Kí ni hirz? Kí ni hirz kẹ̀kẹ́ rẹ nílé àti ní kéwú?
3. Kí ló dé tí a kì í fi í so ẹsẹ̀ iwájú nìkan?
4. Kí ló dé tí àgádágodo kò fi gbọdọ̀ kan ilẹ̀?
5. Lọ wo nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ yín lónìí, kọ ọ́ wá fún olùkọ́ rẹ.

Ní ìparí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ olóhun tó dé, aláìṣẹ̀ lè ti jìyà. Ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó ṣọ́ ohun-ìní rẹ̀, ó sì bo aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ ìfura. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ohun tí a ní, kí Ó ṣọ́ ahọ́n wa lára ọmọ ọlọ́mọ, kí Ó sì foríjì wá níbi tí a ti kùnà. Àmín.