Òpó mẹ́ta, ìyípo mẹ́wàá: ìṣirò tó wà nínú eré bàálù kékeré

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fídíò eré yìí, mo rò pé ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló mú un yára. Irọ́ ni. Bàálù kékeré téèyàn ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀ ló ń sá eré tó lè kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan. F3D ni àjọ FAI, tó ń mójú tó eré òfuurufú lágbàáyé, ń pe ẹ̀ka tí mo ń sọ yìí.

Òpó mẹ́ta ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀. Ìkejì àti ìkẹta súnmọ́ra, 40 mítà ló wà láàárín wọn. Òpó kìíní ló jìnnà, 180 mítà sí ibi táwọn yòókù wà. Ẹ ro 180, 180 àti 40 pọ̀, ó di 400. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n máa yí i po, kìlómítà 4 nìyẹn, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ń parí ẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Ibi tó ti le ni kọ́nà. Ká ní bàálù ń sá 80 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń yà ní rédíọ́ọ̀sì 25 mítà. Ẹ fi 80 sọ 80 di púpọ̀, kí ẹ fi 25 pín in: 256. Ìyẹn tó ìlọ́po 26 agbára òòfà ilẹ̀! Bàálù tó wọn kílò 2.3 á wá wúwo lórí apá rẹ̀ bíi kílò 60. Àpò sìmẹ́ǹtì, kílò 50 péré ni o.

Bó bá wá yà kó tó kọjá òpó ńkọ́? Wọ́n á ní ó gé òpó. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún àsìkò rẹ̀: 60 á di 66. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, 200 ni wọ́n á kọ fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni tí iye tirẹ̀ kéré jù ló ń borí.

Ṣé kéèyàn wá máa lọ jìnnà kó tó yà ni? Bó bá fi 10 mítà kọjá òpó kìíní, àlọ àtàbọ̀ di 20, ìyípo mẹ́wàá di 200 mítà. Ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ti lọ nìyẹn. Ó sàn ju mẹ́fà lọ, àmọ́ wọ́n lè fi ìdajì ìyẹn ná an.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé apá ibi òpó kejì àti ìkẹta ni awakọ̀ dúró sí. Láti ibẹ̀, ojú nìkan ò lè mọ̀ bóyá bàálù ti kọjá òpó ọ̀ọ́kán. Ìdí nìyẹn tí adájọ́ fi wà lápá òpó kìíní, tí wọ́n ń fi iná ṣe àmì, tí olùrànlọ́wọ́ sì ń dúró ti awakọ̀, tó ń pariwo "Yà!" fún un. Ká ní ó gba ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọwọ́ tó ṣe ohun tétí gbọ́, bàálù ti fi 16 mítà lọ. Ẹni tó bá dúró de iná ti pẹ́ jù.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé akoto o. Àtawakọ̀, àtolùrànlọ́wọ́, àtàwọn adájọ́ orí pápá, dandan ni kí wọ́n dé e. Agbára tó wà nínú bàálù wa yẹn lórí eré tó joule 7,360. Àpò sìmẹ́ǹtì yẹn kan náà ni, tó já bọ́ láti òkè tó ga tó mítà 15. Akoto lásán ò lè dá irú ẹ̀ dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ní kí bàálù tó bá ń fò lọ́nà eléwu balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló wà níwájú.