Láti Ìgbòho sí Àbújá: Bàálù wákàtí kan lè gba ọjọ́ kan gbáko

Oníṣòwò iṣu tàbí káṣù tó ń gbé Ìgbòho, tó sì ní ìpàdé l'Ábùújá, lè rí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì pé wákàtí kan péré ni bàálù yóò lò. Bó bá fi wákàtí kan yẹn ṣètò ọjọ́ rẹ̀, bàálù lè fi í sílẹ̀, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì sì wọgbó. Àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe láti ilé dé ibi ìpàdé, láti pápákọ̀ òfuurufú kan sí èkejì ni.

Kò sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìgbòho. Méjì ni oníṣòwò náà lè yàn nínú wọn: ti Ìbàdàn ní Alákíà, àti ti Ìlọrin. Bí ẹyẹ bá fò láti Ìgbòho, yóò fò tó kìlómítà 165 kó tó dé Alákíà, ṣùgbọ́n bíi 90 ni dé Ìlọrin. Mọ́tò kì í ṣe ẹyẹ. Ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin yóò gba Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn lè gba Ṣakí lọ sí Ìsẹ́yìn, kó tó bọ́ sí ọ̀nà Mọ́níyà tó jẹ́ kìlómítà 65.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Wọn yóò wọn bí pápákọ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn lójú òfuurufú, wọn yóò sì fi eré tí bàálù ń sá ní wákàtí kan pín in. Láti Ìbàdàn dé Àbújá tó kìlómítà 400, láti Ìlọrin tó 310, láti Èkó tó 510. Bàálù kékeré tó ń lo abẹ̀bẹ̀ máa ń sá tó kìlómítà 500 ní wákàtí kan, jẹ́ẹ̀tì sì ń sá tó 800.

Bí a bá fi 500 pín 400, ìṣẹ́jú 48 ló jẹ́. Ṣùgbọ́n bàálù yóò kọ́kọ́ rìn lórí ilẹ̀, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò sì dẹ eré kó tó balẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ ìṣẹ́jú 48 di bíi wákàtí kan.

Ìṣirò tó yẹ kí oníṣòwò ṣe

Ká ní mọ́tò lo wákàtí 4 dé Alákíà. Ó yẹ kí èrò ti dé ní wákàtí 2 ṣáájú kí bàálù tó gbéra, nítorí wọ́n máa ń ti ibi ìforúkọsílẹ̀ kí àsìkò tó pé. Bàálù lo wákàtí 1. Gbígba ẹrù àti wíwọ ìgboro Àbújá lo wákàtí 1 àtààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 8 àtààbọ̀. Ẹni tó kúrò nílé ní aago 5 ìdájí yóò dé ní aago 1:30 ọ̀sán. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago 10 àárọ̀, ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tó ṣáájú ló yẹ kó lọ, kó sì fi owó òtẹ́ẹ̀lì kún ìnáwó rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru tún lè dá bàálù dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Pápákọ̀ tó sún mọ́lé jù kọ́ ló máa ń yá jù. Bí bàálù láti Ìlọrin bá kọ́kọ́ gba Èkó kó tó lọ sí Àbújá, àǹfààní ìtòsí ti bọ́ nù. Kí oníṣòwò tó sanwó, kó béèrè nǹkan mẹ́ta: ọjọ́ tí bàálù ń fò, bóyá tààrà ló ń lọ, àti aago tí wọ́n ń ti ibi ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wá mú aago ìpàdé, kó sì máa kà á padà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìgbòho.